Èwo ni kí ẹ mú nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi lórí ìbágbépọ̀ ọmọdé?

Bí ẹ bá ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, tàbí tí ẹ jẹ́ ọ̀gá olùkọ́ níbẹ̀, ẹ ó ti rí ìpolówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèlérí pé ọmọ ọdún 3 yóò máa dúró de ìgbà tirẹ̀, pé ọmọ ọdún 4 yóò máa fẹnu sọ ohun tó ń bí i nínú dípò kó máa géni jẹ, àti pé kíláàsì yóò rọlẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìlérí kọ́ ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Ohun tí olùkọ́ yóò máa ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ẹni tó wá kọ́ wọn ti di ẹrù rẹ̀ tó sì ti lọ, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Màá fi wọ́n wéra níbí, ṣùgbọ́n n kò ní díbọ́n pé n kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ́ olùkọ́ ṣe pàtàkì lójú mi ju orúkọ ètò lọ. Ètò tí kò lókìkí, tí ẹnì kan ń tẹ̀ lé olùkọ́ wọ kíláàsì nítorí rẹ̀, sàn ju ètò olókìkí tí wọ́n rò kalẹ̀ fún àwọn olùkọ́ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kí ni ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń ra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbágbépọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń wá. Ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́ lè máà mọ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe rárá. Ohun tí ọmọ ọdún 3 sí 5 ní láti kọ́ ni bí yóò ṣe wọ inú eré tí àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀, bí yóò ṣe dúró de ìgbà tirẹ̀, bí yóò ṣe sọ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀, bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n lójú ẹlòmíràn, bí yóò ṣe fara balẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i, bí yóò ṣe ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, àti bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ṣe parí aáwọ̀ kékeré kí àgbà tó dé.

Nínú gbogbo wọn, ti àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń fi dán olùdánilẹ́kọ̀ọ́ wò. Ẹ ronú nípa ọmọ kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn mẹ́ta ti ń to ilé. Ó ń wò wọ́n, ó ń wò wọ́n, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló sáré wọ àárín wọn, tó fẹsẹ̀ gbá ilé náà wó. Ariwo sọ. Olùkọ́ tí kò tíì kọ́ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí yóò pè é ní ìkà, yóò fà á kúrò níbẹ̀, yóò ní kó bẹ̀bẹ̀. Èyí tó ti kọ́ ọ yóò mọ̀ pé ṣe ni ọmọ yẹn ń kan ilẹ̀kùn, kò kàn mọ bí wọ́n ti ń kàn án ni. Yóò ti ríran rí i nígbà tó ṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sọ pé, "Ó jọ pé o fẹ́ bá wọn ṣe é. Wò ó, wọn ò ní ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀kù wá. Lọ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí o máa kó o wá fún wọn." Iṣẹ́ kan àti gbólóhùn kan ló fi lé e lọ́wọ́. Bí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè fi irú nǹkan báyìí hàn yín, tó jẹ́ pé "ẹ kọ́ wọn ní ìfẹ́" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, owó yín ń lọ nìyẹn.

Ọjọ́ orí náà tún ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1932 ni Mildred Parten, tó wo àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé pé eré ọmọdé ń yí padà bí wọ́n ti ń dàgbà. Àwọn tó kéré jù máa ń dá ṣeré, tàbí kí wọ́n máa ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìbá ara wọn ṣe. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń bá ara wọn pín nǹkan, tí wọ́n wá ń pawọ́ pọ̀ ṣe ohun kan tó ní ètò. Àwọn tó wá lẹ́yìn ti fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ọmọ kì í gun un bí àkàbà, torí ọmọ ọdún 5 ṣì máa ń dá ṣeré kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Síbẹ̀ ohun kan dájú: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ẹ̀kọ́ kan náà lọ olùkọ́ ọmọ ọdún 2 àti olùkọ́ ọmọ ọdún 5 kò mọ àwọn ọmọ náà. Fún ọmọ ọdún 2, ohun ìṣeré méjì tó jọra wúlò ju ìwàásù lórí pínpín lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ olùkọ́

*Ìjókòó ọjọ́ kan.* Ó wọ́pọ̀ jù, owó rẹ̀ kéré jù, ó sì rọrùn láti ya fọ́tò níbẹ̀. Ó dára bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ gbọ́ èdè kan náà kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Kò dára fún ohun mìíràn.

*Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ ń dá ṣe.* Olùkọ́ lè dá a dúró, kó tún un wò, kó kà á nílé. Ibi tó ti ń já kulẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń wo olùkọ́ náà. Ó lè gba ìwé ẹ̀rí láìyí ohun kan padà nínú kíláàsì rẹ̀. Ẹ lò ó fún ìmọ̀, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e fún ìṣe.

*Ìjókòó tí wọ́n pín sí oṣù díẹ̀.* Nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ níbí. Olùkọ́ á gbọ́ nǹkan kan lóṣù yìí, á lọ gbìyànjú rẹ̀ lára àwọn ọmọ, á sì padà wá ní oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí ohun tó ṣiṣẹ́ àti èyí tó dà rú. Ìpadàbọ̀ yẹn gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìjókòó mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ léra nínú ọlidé ni, ìyẹn kì í ṣe ohun kan náà, torí kò sí ọmọ tí olùkọ́ yóò lọ dán an wò lára rẹ̀ láàárín.

*Olùtọ́sọ́nà tó ń wọ kíláàsì.* Èyí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí. Kò sẹ́ni tó ń fi àpérò di aránṣọ. Iwájú ọ̀gá ni wọ́n ti ń gé aṣọ bàjẹ́ tí wọ́n sì ń tún un gé. Láti àwọn ọdún 1980 ni Bruce Joyce àti Beverly Showers ní Amẹ́ríkà ti ń kọ̀wé lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé àlàyé, ìfihàn àti ìdánrawò nínú gbọ̀ngàn kì í sábà wọ kíláàsì bí kò bá sí ẹni tó ń tọ́ olùkọ́ sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́.

Báwo ló ṣe máa ń rí? Ìlànà tí Patricia Snyder, Mary Louise Hemmeter àti Lise Fox gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ àti olùtọ́sọ́nà á jọ yan ohun kan ṣoṣo, bíi kí olùkọ́ máa sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú pé eré fẹ́ parí. Olùtọ́sọ́nà á wá wò ó, ohun kan yẹn nìkan ni yóò sì wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó yan òmíràn. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe. Olùkọ́ kì í gbọ́ nǹkan ogún lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í rò pé wọ́n wá ṣọ́ òun.

Ìyẹn ló gbé mi dé ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: wọ́n á fi ọ̀gá tó ń kọ ìròyìn nípa olùkọ́, tó ń dá sí owó oṣù rẹ̀, ṣe olùtọ́sọ́nà. Olùkọ́ wo ni yóò fi àṣìṣe rẹ̀ han irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí ó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú ayé, àwọn ọmọ pàápàá á fura. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, ẹ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kedere, kí ohun tó bá rí nígbà ìtọ́sọ́nà má ṣe wọ inú ìròyìn kankan.

*Ìtọ́sọ́nà lórí fídíò.* Fún ilé-ìwé tí olùtọ́sọ́nà kò lè dé, èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Robert Pianta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia ló ṣe MyTeachingPartner, níbi tí olùkọ́ ti ń ya fídíò kíláàsì tirẹ̀ ránṣẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Olùtọ́sọ́nà á gé àwọn ibi kéékèèké nínú rẹ̀, á fi ìbéèrè kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ tí ẹ kò lè rí níbòmíràn ni pé olùkọ́ ń rí ara rẹ̀. Ó máa ń rí ọmọ tó ti ń wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí òun kò sì wojú rẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni àṣẹ òbí lórí fídíò ọmọ wọn, ibi tí wọ́n ń tọ́jú fídíò sí, àti ìgbà tí wọ́n á pa á rẹ́. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kí ẹni kẹ́ni tó gbé fóònù sókè.

*Olùkọ́ pẹ̀lú olùkọ́.* Àwọn méjì á máa wọ kíláàsì ara wọn, wọ́n á máa wo ohun kan tí wọ́n ti yàn. Kò náni ní nǹkan kan àyàfi àkókò àti ẹni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ nígbà náà. Kò lágbára tó olùtọ́sọ́nà tó mọ iṣẹ́, àmọ́ ó máa ń wà pẹ́ lẹ́yìn tí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti tán.

Ètò mẹ́rin tí orúkọ wọn máa ń jáde

Ẹ ó gbọ́ orúkọ tó ju mẹ́rin lọ. Mo mú àwọn wọ̀nyí nítorí pé ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà yàtọ̀ síra, àti nítorí pé mẹ́ta nínú wọn ti jọ wọ orí òṣùwọ̀n kan náà.

| | Incredible Years (ti olùkọ́) | Preschool PATHS | Tools of the Mind | Pyramid Model |
|---|---|---|---|---|
| Ohun tó gbájú mọ́ | ìṣesí olùkọ́ | ẹ̀kọ́ kúkúrú lórí ìmọ̀lára àti aáwọ̀ | eré àfarawé tó ní ètò | gbogbo ilé-ìwé, àti ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ |
| Ohun tí ọmọ ń rí | ìyìn tó ṣe pàtó, òfin díẹ̀ tó yé e | ìjàpá kan, àwòrán ojú oríṣiríṣi | ètò eré tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà | ọjọ́ tó mọ bí yóò ṣe lọ, ẹ̀kọ́ láàárín eré |
| Ibi tó ti ń le fún olùkọ́ | àyípadà nínú bó ṣe ń sọ̀rọ̀ | àtimú ẹ̀kọ́ náà kúrò nínú ìwé wọ inú ọjọ́ | gbogbo ìṣètò ọjọ́ rẹ̀ ló ń yí padà | ó fẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé náà ṣiṣẹ́ |

Incredible Years ti ọwọ́ Carolyn Webster-Stratton ní Seattle wá. Ti àwọn òbí ló kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni ti olùkọ́ àti ti ọmọ tẹ̀ lé e. Nínú ti olùkọ́, wọ́n máa ń wo fídíò kúkúrú kíláàsì, wọ́n á jíròrò rẹ̀, wọ́n á ṣe é bí eré ara wọn, wọ́n á sì lọ gbìyànjú rẹ̀. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni àjọṣe olùkọ́ àti ọmọ àti yíyin ohun tí ọmọ ṣe dáadáa, kí ìjìyà tó dé rárá. Kì í ṣe "o káre" lásán. Wọ́n fẹ́ kí olùkọ́ dárúkọ ohun tí ọmọ ṣe: "O fún un ní àwọ̀ pupa nígbà tó ń wá a." Ohun kan tí àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ nínú rẹ̀ ni ẹ̀bùn kéékèèké àti sítíkà fún ìwà rere. Èmi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn, àyàfi fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti le, fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè mú ìyìn kí ẹ fi sítíkà sílẹ̀.

PATHS ní ìtàn tí inú mi dùn sí. Àwọn ọmọ adití ni Mark Greenberg àti Carol Kusché kọ́kọ́ ṣe é fún ní àwọn ọdún 1980, torí ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó láti fi sọ ìmọ̀lára rẹ̀ á fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ ọ́. Ohun kan náà ló ń bá ọmọ ọdún 3 tó ń gbọ́rọ̀ fínra, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti mú un wá sí jẹ́lé-ó-sinmi. Níbẹ̀ ni ìjàpá kékeré kan tó ń jẹ́ Twiggle ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé nígbà tí inú bá bí wọn, kí wọ́n wọ inú igbá ẹ̀yìn wọn bíi ti ìjàpá: kí wọ́n dúró, kí kálukú fọwọ́ gbá ara rẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. (Ìjàpá inú àlọ́ tiwa kò ní irú ìwà yìí rárá, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ da méjèèjì pọ̀.) Ewu ibẹ̀ ni olùkọ́ tó ń ka ẹ̀kọ́ náà láàárọ̀, tó wá ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò bá wọ inú igbá ẹ̀yìn yìí níṣojú àwọn ọmọ nígbà tí inú ń bí òun, ọmọláńgidi lásán ni Twiggle.

Tools of the Mind bẹ̀rẹ̀ ní 1993 ní Colorado lọ́wọ́ Elena Bodrova àti Deborah Leong, lórí èrò Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1934. Ọmọ kò kàn lọ ṣeré. Ó máa ń kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tó fẹ́ ṣe: "Èmi ni dókítà." Bí ó bá di ìyá ọlọ́mọ láàárín eré, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rán an létí pé dókítà ni. Bí àwọn ọmọ méjì bá fẹ́ jọ ka ìwé, ọ̀kan á mú àwòrán ẹnu, èkejì á mú àwòrán etí. Ẹlẹ́nu á sọ̀rọ̀, elétí á gbọ́, wọ́n á sì pààrọ̀. Mo fẹ́ràn àwòrán ẹnu àti etí yìí gan-an, ilé-ìwé tí kò ní kọ́bọ̀ lè ṣe é lónìí.

Pyramid Model kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́. Lise Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 2003. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àjọṣe rere àti kíláàsì tó ní ètò, fún gbogbo ọmọ. Àárín ni kíkọ́ wọn ní ìbágbépọ̀ ní pàtó. Téńté rẹ̀ ni ètò ara ọ̀tọ̀ fún ọmọ díẹ̀ tí ìyọnu wọn kò lọ. Ohun tó mú kí n máa dárúkọ rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àwòrán ìtàn tí ẹ lè tẹ̀ jáde. Ohun tó mú kí n máa kìlọ̀ ni pé ohun ọ̀fẹ́ kò bá olùtọ́sọ́nà wá. Ilé-ìwé tó tẹ gbogbo àwòrán rẹ̀ sára ògiri tí kò sì tọ́ olùkọ́ kankan sọ́nà, ògiri ló dá lẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé mẹ́ta jọ sórí òṣùwọ̀n

Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní Head Start CARES ni mo ní lọ́kàn. Head Start ni ètò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ kéékèèké láti ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀. Ilé-ìwé 104 ló kópa, wọ́n sì fi kèké pín wọn: àwọn kan gba Incredible Years ti olùkọ́, àwọn kan Preschool PATHS, àwọn kan ẹ̀yà eré ti Tools of the Mind, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014.

Ìṣesí àwọn olùkọ́ yí padà nínú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníkálukú lọ́nà tí ètò tirẹ̀ fẹ́. Lára àwọn ọmọ, Incredible Years àti PATHS fi ìtẹ̀síwájú hàn nínú mímọ ìmọ̀lára, nínú yíyanjú aáwọ̀ àti nínú ìwà láàárín ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú náà kò ga lọ títí. Tools of the Mind, tó jẹ́ pé ìkóra-ẹni-níjàánu gan-an ló ṣèlérí, kò fi ìyẹn hàn. Nídìí mímọ ìmọ̀lára nìkan ni ó ti rí èrè díẹ̀. Ó ya àwọn kan lẹ́nu, torí ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2007 ti yìn ín gidigidi.

Ṣé kí ẹ wá jù ú nù? Rárá. Ohun tí mo rí kà níbẹ̀ ni pé ó béèrè àyípadà tó pọ̀ jù lọ́wọ́ olùkọ́ láàárín ọdún kan. PATHS fi nǹkan kún ọjọ́ olùkọ́. Incredible Years tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe. Tools tú ọjọ́ náà palẹ̀ kó tó tún un tò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó fún olùkọ́ ní ọdún méjì ó kéré tán, kó sì má ṣe reti ìyanu ní tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́.

Ohun méjì tún wà nínú ìwádìí yẹn tí àwọn olùtajà kì í sọ. Èkíní, olùtọ́sọ́nà ń wọ kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú gbogbo ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní àfikún sí ìjókòó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń fi èsì ìwádìí polówó ètò kan, tó wá ń ta ìjókòó ọjọ́ kan fún yín, ohun tó ń tà kọ́ ni wọ́n dán wò. Èkejì, nígbà tí àwọn ọmọ náà bọ́ sí kíláàsì tó tẹ̀ lé e, díẹ̀ ló ṣẹ́ kù lára àǹfààní náà tí wọ́n ṣì lè rí. Èmi kò gbà pé òfo ni. Ohun tí mo gbà ni pé olùkọ́ tí ọmọ yóò bá ní ọdún tó ń bọ̀ náà yẹ kó wà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Olùkọ́ tó ti rẹ̀, àti igbákejì rẹ̀

Cybele Raver àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn ní Chicago láàárín 2004 sí 2006, nínú kíláàsì Head Start 35. Wọ́n fún àwọn olùkọ́ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 30 tí wọ́n mú jáde láti inú Incredible Years, wọ́n sì rán onímọ̀ ìlera ọpọlọ sí kíláàsì wọn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ onímọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ó máa ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ nípa àárẹ̀ àti ìdààmú tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣòro ìwà àwọn ọmọ dín kù, bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín olùkọ́ àti ọmọ nínú kíláàsì sì dára sí i. Bí mo bá ń fi ètò wéra, mo máa ń wá ibi tí wọ́n ti ronú nípa olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Ẹni tí orí ń fọ́, tó ń dá tọ́jú ọmọ tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, kò lè fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, bó ti wù kí ẹ kọ́ ọ tó. Bí kíláàsì yín bá kún àkúnya, ẹ fi owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gba ènìyàn kan sí i ná.

Igbákejì olùkọ́ ńkọ́? Òun ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn ọmọ nígbà tí olùkọ́ bá lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìjà ọmọdé ti ń ṣẹlẹ̀: níbi fífọ ọwọ́, lórí ìlà, nídìí oúnjẹ, níbi wíwọ bàtà. Ta ló ń wà níbẹ̀? Bí olùkọ́ bá ń sọ pé "sọ fún un pé o kò fẹ́ bẹ́ẹ̀", tí igbákejì sì ń sọ pé "fi í sílẹ̀, má sunkún mọ́", òfin méjì ló wà nínú yàrá kan. Ètò tí kò ní àyè fún igbákejì kò tíì parí, bó ti wù kó lókìkí tó.

Èwo wá ni?

Bí owó yín bá kéré tí olùkọ́ yín sì jẹ́ ẹni tó ń dúró pẹ́, ẹ mú ohun èlò ọ̀fẹ́ Pyramid Model, ẹ yan ohun mẹ́ta péré nínú rẹ̀ fún ọdún kan, kí ẹ sì fi owó tí ẹ ní san olùtọ́sọ́nà tàbí kí ẹ ṣètò olùkọ́ pẹ̀lú olùkọ́. Bí olùkọ́ yín bá jẹ́ tuntun, tí wọn kò tíì ní ìgboyà, tí wọ́n sì ń fẹ́ ohun tí wọ́n lè dì mú lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ alákọsílẹ̀ bíi PATHS yóò gbé wọn ró. Bí ariwo àti ìjágbe olùkọ́ bá jẹ́ ìṣòro tó ga jù, Incredible Years ni mo máa fi síwájú, nítorí olùkọ́ ló dojú kọ. Tools of the Mind wà fún ilé-ìwé tó ti fara balẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ gbà pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé, tí kò sì sí ẹni tó ń fúngun mọ́ wọn pé kí ọmọ ọdún 4 máa kọ lẹ́tà sínú ìwé. Bí òbí bá ń béèrè ìwé tó kún ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wàhálà ni ẹ ó fi mú un.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn olùkọ́ yín kì í pé ọdún kan kí wọ́n tó lọ, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń lé wọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò wọ kíláàsì wa lẹ́yìn ìjókòó? Ta gan-an ni yóò wá, ṣé òun náà ti kọ́ ọmọ ọdún 3 rí? Kí ni yóò máa wò? Kí ni olùkọ́ yóò ṣe bí ọmọ kan bá kọ̀ láti bẹ̀bẹ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ń tú ọ̀pọ̀ àṣírí. Ẹni tó bá ní kí olùkọ́ dúró tì í títí yóò fi sọ "má bínú" kò tíì kúrò níbi tí gbogbo wa wà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò ní kí olùkọ́ kọ́kọ́ tọ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ lọ, kó bi í léèrè ohun tó lè tù ú nínú, kó sì pe èyí tó ṣẹ̀ é láti bá wọn ṣe é, bóyá kó mú omi wá tàbí kó bá a tún ilé náà kọ́.

Ẹ tún ṣe nǹkan kan kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnì kan jókòó sí igun kíláàsì ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kó máa sàmì sí iye ìgbà tí àwọn ọmọ jà, iye ìgbà tí wọ́n fi ẹnu ara wọn parí rẹ̀, àti iye ìgbà tí olùkọ́ dárúkọ ohun rere tí ọmọ kan ṣe. Kò ní ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ìparí ọdún. Ìlà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ yí padà, torí ọwọ́ olùkọ́ ló wà. Bí òun pàápàá kò bá yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ pe olùdánilẹ́kọ̀ọ́ padà wá sí kíláàsì kí ẹ tó san owó tó kù.